Ìlẹ̀kùn Mẹ́sàn-án Tí Kò Ní Ilé

Wọ́n ní òkú ọkọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni ó ń kanlẹ̀kùn nínú yàrá rẹ̀. Kì í ṣe ìlẹ̀kùn àbáwọlé o, ìyẹn ì bá sàn. Inú yàrá gan-an ni wọ́n ní ó ti ń kàn án, lára ìlẹ̀kùn kan tí a gbé ti ògiri, tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: kọ́, kọ́, kọ́. Wọ́n ní ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń tu owó jọ láti rà ni ó ń bèèrè. Àwọn tí ẹnu wọn gùn díẹ̀ sí i ní ẹyẹlé kan gba abẹ́ ìlẹ̀kùn náà kọjá, kò sì jáde mọ́ títí di òní. Obìnrin tó ń ta gáàsì ní òpópó kejì búra pé òun fojú ara òun rí ọwọ́ kan tó yọ láti inú ihò kọ́kọ́rọ́, tí ọwọ́ náà sì ń bèèrè ṣéńjì. Ṣéńjì! Ọkùnrin tó ti kú láti ọdún mẹ́rin.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, nítorí inú yàrá yẹn ni mo ń gbé. Mo sì gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín mọ obìnrin náà kí ẹ tó bẹ̀rù rẹ̀. Kọ́tìnì ni ó ń rán, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Àǹtí Kọ́tìnì. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ẹ óò rò pé dókítà ni. Ilé onílé ni ó máa ń wọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tí yóò gun àga, tí yóò wọn fèrèsé, tí yóò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ilé àwọn ènìyàn ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ilé kan, á ti mọ yàrá tí ọkọ ń sùn sí àti èyí tí ìyàwó ń sùn sí, á sì ti mọ ìdí tí kò fi jẹ́ ọ̀kan náà. Fèrèsé tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kò fẹ̀ ju àwo ńlá lọ, àjákù aṣọ oríṣi mẹ́fà ni ó sì fi bò ó. Mo ní, "Àǹtí, kọ́tìnì yín yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀." Ó fi ìrù téèpù nà mí.

Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè ní Awólé, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wó ilé tí àwọn onílé bá fẹ́ fi òmíràn rọ́pò. Ẹ wo irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀: ìyàwó ń wọ ilé ènìyàn láṣọ, ọkọ ń tú u sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sì ní ju yàrá kan tí wọ́n rẹ́ǹtì lọ, nínú ilé gígùn kan tó ní yàrá mẹ́wàá, ilé ìwẹ̀ méjì, àti ojú mẹ́rìndínlógójì tó ń wo ohun tí o sè.

Wọ́n fẹ́ ra ilé. Kì í ṣe ilé ńlá, ilé tí ènìyàn ti lè ta ẹsẹ̀ kó má bàa ta ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n owó kì í gbé ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti kó díẹ̀ jọ, ara ẹ̀gbọ́n kan kò ní yá, ọmọ àbúrò kan yóò fẹ́ wọ ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ kan yóò dé tòun ti omijé. Awólé ni ó dá ọgbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlẹ̀kùn dípò owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wó ilé àtijọ́, á ní kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú owó òun, kí wọ́n fún òun ní ìlẹ̀kùn kan, irú èyí tí wọ́n fi igi gidi ṣe, tí ẹni mẹ́ta ò lè gbé láìsinmi. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ bínú.

"Ṣé ìlẹ̀kùn la máa jẹ?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó o jọ. Mo ń retí ẹni tó máa wá bá mi pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìlẹ̀kùn kan, màá dá a padà lópin oṣù.' Jẹ́ kí n rí onítọ̀hún."

Kò sí ẹni tó wá. Igi bẹ́ẹ̀ sì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìlẹ̀kùn ń pọ̀ nínú yàrá, owó tí Àǹtí ń dá sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń pọ̀ níta, wọ́n sì ní bí ilé bá ti dé, ìlẹ̀kùn ti wà ní ìṣúra fún un.

Mẹ́sàn-án ni àwọn ìlẹ̀kùn náà nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ ìránṣọ. Wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri ìsàlẹ̀ yàrá bí àwọn àlejò tí wọn ò tíì ní kí wọ́n jókòó. Ìkíní ní nọ́ńbà ilé lára, mẹ́rìnlélógún. Ìkẹta ní ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà sí. Ti ìkarùn-ún ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì bẹ̀rù jù: ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí etí rẹ̀, ìlà lórí ìlà, bí ọmọ kan ṣe ń ga sí i. Ìlà náà gòkè títí dé èjìká mi, ó sì dúró. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé wọ́n kó kúrò ni, àbí ọmọ náà ti tójú bọ́ ni, àbí. N kì í parí ìbéèrè yẹn.

Ìkẹsàn-án ni ó dé láìsí Awólé. Awólé fúnra rẹ̀ ni ó yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé e sí abẹ́ igi, ó ní owó iṣẹ́ òun rèé. Ní ọ̀sán, ògiri tí wọ́n ní kò ní wó títí di ọ̀la wó lù ú. Ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ wálé, wọ́n sì gbé ìlẹ̀kùn náà tẹ̀ lé e. Wọn ò gbé e ní ìdùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e ní òró gba ẹnu ọ̀nà wọlé, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àǹtí sọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì gbé ojú sókè lára aṣọ tó ń rán.

Èmi náà ni mo dá ọ̀ràn sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Eré ni èmi àti Àǹtí fi ń gbé pọ̀. Mo ti rán ẹnu ọwọ́ aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀ pa rí, tó fi jà nínú òkùnkùn aṣọ náà bí ológbò inú àpò. Òun náà ti rán etí ìró mi mọ́ tìmùtìmù àga níbi tí mo ti ń tòògbé, tí mo fi dìde kí oníbàárà tòun ti tìmùtìmù nídìí. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tó ń tẹ ẹ̀rọ, mo rákò wọ àárín àwọn ìlẹ̀kùn àti ògiri, níbi tó dà bí àgọ́ tóóró. Mo dé ìdí ìkẹsàn-án. Mo kàn án: kọ́, kọ́, kọ́.

Ẹ̀rọ dákẹ́.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí. Mo ń retí kó pariwo, kó ju bàtà. Kò ju nǹkan kan. Ó wá sọ̀rọ̀, ohùn náà kò sì jọ ti ìyá kankan tí mo mọ̀. Ohùn ọmọge ni.

"Kò tì. Wọlé."

Ó tún ní, "O mà pẹ́ o."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi kò rí ibi lọ, ó kàn dúró síbẹ̀. Mi ò lè jáde. Ìgbà tó gbé kòròbà lọ pọn omi ni mo tó rákò jáde tòun ti òwú aláǹtakùn lórí, mo sì lọ jókòó síta bí ẹni tó ti ibòmíràn bọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì jókòó nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń tú ìlà tí mo rán wọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí aṣọ.

Kọ́, kọ́, kọ́.

Ọwọ́ mi ni Àǹtí kọ́kọ́ wò. Ó wá wo ìlẹ̀kùn kẹsàn-án. Ibẹ̀ ni ó ti dún, kò sí iyèméjì, igi náà tilẹ̀ rọra gbọ̀n lórí sìmẹ́ǹtì.

"Àǹtí," mo ní, "ti ọjọ́ Ẹtì, èmi ni o. Ẹ forí jì mí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Òórùn ìpara rẹ ló kọ́kọ́ dé kí o tó kàn. Òkú wo ló ń fi ìpara olódòdó para?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi dáhùn?"

Ó fi itọ́ pọ́n ẹnu òwú, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́. "Ẹnu mi ló dáhùn. Mi ò rán an."

"Tòní ńkọ́?"

"Tòní," ó ní, "mi ò gbọ́ òórùn kankan."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti tàsé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni kì í dún. Mo ní bóyá ó ti lọ nìyẹn, Àǹtí mi orí. "Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tẹ́lẹ̀. Oorun ló máa ń sùn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọkọ òun kì í jẹ iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè pẹ́ kó tó kan ìgboro, nítorí ọkùnrin tó ń gbé yàrá kejì sí wa tòun ti ìyàwó rẹ̀. Bíríkìlà ni, Rédíò ni a ń pè é, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ó ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà láìríṣẹ́, tó ń ka páànù òrùlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì wá ní ibi tuntun tí yóò máa gbé ìròyìn lọ. Òun ló fi ẹyẹlé kún un. Òun ló kọ́ obìnrin onígáàsì ní ti ọwọ́. Ohun tó wá ń dùn ún ni pé gbogbo ilé ti gbọ́ ìró náà, òun nìkan ni kò gbọ́ ọ rí.

"Ẹ ẹ̀ rí i pé orí mi ò dáa!" á ní, á gbá ọwọ́ mọ́ itan. "Bí mo bá ti ń wọlé báyìí ni wọ́n ń sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán! Àǹtí Kọ́tìnì, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dúró dè mí."

"Màá jíṣẹ́ fún un," ni Àǹtí dá a lóhùn.

Mo rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ó ń jíṣẹ́ lóòótọ́. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà kó lè dojú kọ ìlẹ̀kùn kẹsàn-án. Ó ń yarun kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Bí ìró náà bá ti dún, á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un: "Aṣọ ti gbówó lórí o. Ìyàwó ọ̀gá báǹkì ò tíì san tèmi. Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀." Kì í sunkún. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí n óò ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ilé dé.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ó ni ín, màmá àgbàlagbà tó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó pe Àǹtí kó wá pààrọ̀ kọ́tìnì kí ilé náà lè wu ẹni tó bá fẹ́ rà á. Mo bá a lọ. Yàrá méjì, pálọ̀ kékeré kan, omi ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná, fèrèsé márùn-ún. Àǹtí gun àga, ó na téèpù sí fèrèsé kìíní. Ó wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Obìnrin tó lè fi ojú lásán wọn fèrèsé.

"Màmá Nọ́ọ̀sì," ó ní láti orí àga, kò bojú wẹ̀yìn, "èló lẹ fẹ́ tà á?"

Màmá náà dá owó lé e. Owó tó wà lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, ìyókù kò sì ju ohun tí igi gidi mẹ́sàn-án lè mú wá lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ti ń fi owó lọ òun. Òun lè dúró títí di ìparí oṣù, òun ò lè dúró jù bẹ́ẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ní, "Àǹtí, àwọn ìlẹ̀kùn yẹn, ilé lẹ kó wọn jọ fún. Ilé yìí ti ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀."

"Mo rí i."

"Ẹ máa tà wọ́n?"

"Mo ní mo rí i."

Ẹni tó kọ́kọ́ wá wò wọ́n jẹ́ aṣojú ẹni tó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ó fọwọ́ pa igi náà, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní òun máa kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ó jáde lọ pe ọkọ̀. Ọjọ́ ìsinmi Rédíò ni, ó sì jókòó sẹ́nu géètì. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi kí ara wọn ti tó. Aṣojú náà kò padà wá mú pẹ́ńsù tó gbàgbé sórí ẹ̀rọ wa, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ẹnì kejì, obìnrin tó ni ilé-ìwé, tilẹ̀ ti gbọ́ kó tó dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń na ọrùn. "Ẹ má bínú, Àǹtí, àwọn òbí ò ní jẹ́ kí ọmọ wọn máa gba ẹnu ìlẹ̀kùn òkú wọ kíláàsì." Ẹnì kẹta fẹ́ rà á ní owó igi ìdáná.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Mo lọ bá Rédíò, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba ọjà Àǹtí jẹ́." Ojú tì í, ó ní òun á tún un ṣe. Ọ̀nà tó fi tún un ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ènìyàn pé òkú náà jẹ́ ọmọlúàbí, pé kì í ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Káfíńtà arúgbó kan ni ó wá lọ́jọ́ kejì. Ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fi ní irun. Ó kàn gbogbo igi náà ní ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka, ó ń gbọ́ wọn bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ.

"Ìyá, wọ́n ní ẹnì kan ń kan ọ̀kan níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Màá dúró gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ kòkòrò ló wà nínú igi, mi ò rà. Bó bá jẹ́ òkú ni, màá rà. Òkú kì í jẹ igi."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe pé kí Bàbá má rà á.

Ìrọ̀lẹ́ dé. A jókòó, àwa mẹ́ta, ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti igun yàrá. Kọ́, kọ́, kọ́. Bàbá ti gbé etí lé ìlẹ̀kùn kẹsàn-án. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, ojú rẹ̀ dì.

"Kì í ṣe kòkòrò," ó ní. "Igi yìí mọ́ bí ẹyin. Ṣùgbọ́n ọ̀la, kí á gbé e síta. Bó bá tẹ̀ lé igi lọ síta, mo fẹ́ mọ̀. Oníbàárà mi máa bi mí."

"Kí lẹ fẹ́ gbé e síta fún?" Àǹtí ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìlẹ̀kùn náà, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé àyà ènìyàn. "Ẹ ti gbọ́ ọ. Kò sí kòkòrò. Ẹ san owó yín."

"Ìyá."

"Ọdún mẹ́rin, Bàbá! Ibi tó dúró sí nìyẹn."

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó mú fìlà rẹ̀. Ó ní bí Ìyá bá fẹ́ kí òun wá lọ́la, òun á wá. Bí kò bá fẹ́, kò sí ìjà. Ó sì lọ.

Àǹtí kò rán nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ ọ tó ń yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó sùn lọ, ó ní, "O sùn?"

"Rárá."

"Bí wọ́n bá gbé e síta, tí kò wá kàn mọ́ ńkọ́?"

Mo fa aṣọ ìbora bo orí.

Ní àárọ̀, òun fúnra rẹ̀ di orí ìlẹ̀kùn náà mú, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a ń sinmi lójú ọ̀nà títí a fi gbé e dé abẹ́ àtíbàbà. Ó nù ún. Nígbà tí Bàbá Káfíńtà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó tì í níta, ó ń tu èèpo ẹ̀pà. Èmi àti Àǹtí wà nínú yàrá, níbi tí àyè ìlẹ̀kùn náà ti hàn lára ògiri, ó funfun ju ìyókù lọ, ó ga tó ènìyàn.

Kọ́, kọ́, kọ́.

Láti inú ògiri òfìfo.

"Kò dún níbí o!" Bàbá pariwo wọlé. "Ìlẹ̀kùn yín ò ní ẹ̀bi!"

Mo fò dìde. Ó ti hàn sí mi pé bí kì í bá ṣe ìlẹ̀kùn, a jẹ́ pé ògiri ni, bó bá sì jẹ́ ògiri ni, ògiri ní ẹ̀yìn. Mo ti mú ẹsẹ̀ kan síwájú nígbà tí Àǹtí gbá aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn.

"Jókòó."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ wò ó."

"Mo ní jókòó. Kò sí ohun tó sọnù tí o fẹ́ lọ wá."

Mo jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá Káfíńtà sanwó, ó sì kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkarùn-ún, Àǹtí ní kí wọ́n dúró. Ó na téèpù rẹ̀ sí àwọn ìlà pẹ́ńsù yẹn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Kò kọ nọ́ńbà kankan sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ó ká téèpù náà, ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ." Kí oṣù tó parí, Màmá Nọ́ọ̀sì ti gba owó rẹ̀, ìwé ilé sì ti wà nínú àpò Àǹtí.

Ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn tí a lò nínú yàrá náà, a ti di ẹrù tán. Ògiri dúró lásán pẹ̀lú àwòrán funfun mẹ́sàn-án lára. Nígbà tí ìró náà dún, Àǹtí rìn lọ bá a. Ó dúró níwájú èyí tó kẹ́yìn.

"A ti rà á," ó sọ fún un. "Yàrá méjì. Omi wà nínú ilé."

Mo rò pé ó ti tán.

"Má tẹ̀ lé wa o. Ó kéré."

Inú ilé tuntun náà dákẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá kan kọ́tìnì pálọ̀, kọ́tìnì gidi tó bá ara wọn mu, Àǹtí á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Á fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Á dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà á tẹ ẹ̀rọ lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo wà ní ilé ìdáná, mo gbé ọwọ́ sókè sí ògiri, mo ká ìka mi.

"Ìpara olódòdó," ó ní láti pálọ̀. Kò gbé ohùn sókè rárá.

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

A gbàgbé irin ìlọṣọ wa sí ilé àtijọ́. Ọjọ́ Ẹtì kan ni ó rán mi lọ mú un, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì débẹ̀. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, nítorí ibẹ̀ ló yá. Mo ti padà délé báyìí, mo ti gbé irin kalẹ̀, mo ti jẹun, Àǹtí sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé tí ẹnu mi fi dákẹ́ lónìí. Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Mi ò sọ fún un, mi ò sì mọ̀ bóyá n óò sọ fún un láéláé. Ẹ̀yin ni mo sọ fún.

Ìyàwó Rédíò kò gbà kó gbé sìmẹ́ǹtì wọlé. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, á sì gbá a mọ́ ẹ̀yìn ògiri yàrá wa àtijọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.